Bọ́tìnì Kan fún Ẹ̀ka Márùn-ún

Kí n tó kúrò ní Ìlọrin, wọ́n sọ fún mi ní àdúgbò wa ní Gàmbàrí pé àwọn òyìnbó kì í kí ènìyàn. Mo ti fara balẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tí mo ti dé Leeds, n kò sì lè sọ pé òótọ́ ni pátápátá. Wọ́n máa ń kí ajá. Wọ́n tún máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé wọn kò retí kó gbé àwọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, tí a jọ ń lo àtẹ̀gùn kan náà, oṣù méjì gbáko ló fi ń wo bàtà mi. Mo kí i ní ọjọ́ tí mo dé. Ó fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀ wò, bóyá nǹkan kan jábọ́ lára rẹ̀ tí mo fẹ́ fi lé e lọ́wọ́.

Wọ́n tún sọ fún mi pé òtútù ibẹ̀ máa ń pa ènìyàn. Èyí náà kò péye. Kò pa mí. Ohun tó ṣe ni pé mo wọ kóòtù sùn, tí mo sì lọ sọ fún obìnrin tó ni ilé pé mo rò pé ìgbà òtútù ọdún yìí le díẹ̀, tí ó wá sọ fún mi pé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo lọ ṣe ló ṣòro láti ṣàlàyé. Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí ń ṣe sọ́fítíwíà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá: irú èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń tọrọ ìsinmi, tí wọ́n fi ń san owó oṣù, tí wọ́n fi ń mọ iye ẹrù tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀ka márùn-ún ló ń ṣe é, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní àjà tirẹ̀ nínú ilé náà. Ó ti tó ogún ọdún tí kálukú ti ń ṣe tirẹ̀, bí orogún márùn-ún tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan ṣùgbọ́n tí oníkálukú ní ààrò tirẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni wọ́n ń pè ní dìsáìn sísítẹ̀mù. Kò ju kí a kọ́ àká kan ṣoṣo lọ, kí gbogbo ohun tí ojú ń rí lórí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀: bọ́tìnì kan, àwọ̀ kan fún ewu, ọ̀nà kan tí a ń gbà sọ fún ènìyàn pé ó ti ṣe àṣìṣe, àti òfin bí a ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa wá mú nínú àká náà, dípò kó máa gbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ojú-ewé kan lò, kó ti mọ gbogbo rẹ̀ lò. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lórí ìwé.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Fiona, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó pè mí.

“Ka gbogbo bọ́tìnì séèfù tí a ní.”

“Mélòó ni ẹ rò pé ó máa jẹ́, ma?”

“Bí mẹ́fà. Má pè mí ní ma.”

Mo kà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo tún un kà, nítorí mo rò pé èmi ni mo ṣì í. Ó di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Séèfù ni bọ́tìnì tí ènìyàn ń tẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà sọnù. Ó yẹ kó rọrùn láti rí ju gbogbo nǹkan lọ. Ṣùgbọ́n òmíràn wà lápá òsì, òmíràn wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan sá sí ìsàlẹ̀ pátápátá bí ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀kan ní àwòrán páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́. Ẹnìkan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún sọ fún mi pé fìríìjì ni. Èyí tó burú jù ni ti àwọ̀. Ní ẹ̀ka owó oṣù, pupa ni wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́. Ní ẹ̀ka ilé ìkẹ́rùsí, pupa ni wọ́n fi ń tọ́jú nǹkan. Akọ̀wé kan ní ilé-iṣẹ́ oníbàárà wa kan kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí bọ́ sí ọ́fíìsì, ó fi ìbàlẹ̀ ọkàn tẹ pupa, owó oṣù igba ènìyàn sì wọlẹ̀ lọ.

Ìyá mi ń ta ẹ̀wà àti ọkà bàbà ní ọjà Ipata. Láti ìsọ̀ ló máa ń pè mí, ó sì máa ń ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ìlà ìsọ̀ wọn lè gbọ́ ohùn mi. Bí mo bá ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀, ènìyàn mẹ́jọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé fún ọ?”

“Mo ka bọ́tìnì, Alhaja.”

“O ka kí ni?”

“Bọ́tìnì. Ti inú kọ̀ǹpútà.”

Mo ń gbọ́ tí ẹnìkan ń bu ẹ̀wà.

“Ṣé kò sí ẹni tó mọ òǹkà lọ́hùn-ún ni?”

“Wọ́n wà, Alhaja. Wọn kò kà á rí ni.”

“Láti ọjọ́ yìí?”

“Láti bí ogún ọdún.”

“Subuhanallahi,” ni obìnrin kan tí n kò mọ̀ wí láti ẹ̀gbẹ́. “A jẹ́ pé ọmọ yín ni wọ́n ń dúró dè.”

Ohun tí n kò sọ fún ìlà náà ni pé oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò. Fiona ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: kí oṣù kẹfà tó parí, ó kéré tán ẹ̀ka mẹ́ta nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ ti kó bọ́tìnì tiwọn dànù, kí wọ́n máa lo èyí tí èmi máa ṣe fún gbogbo wọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò ní lè gbà mí dúró. Orí iṣẹ́ náà ni físà mi dúró lé. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé yá. Bẹ́ẹ̀ sì ni àfáà mẹ́rìnlá ló ṣàdúrà fún mi nígbà tí mò ń lọ. Àdúrà náà gùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ tó fẹ́ gbé mi pa ọkọ̀ rẹ̀. N kò mọ ojú tí mo máa fi wo àfáà mẹ́rìnlá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Mo ṣe bọ́tìnì náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Àwọ̀ ewé ni, kò tóbi jù, kò kéré jù. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ àwọ̀ yóò dá a mọ̀, afọ́jú tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kàwé sí i létí yóò gbọ́ ọ. Mo wá kọ ìwé olójú-ewé méjìdínlógún láti fi ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbà á. Gbogbo ohun tí mo sọ níbẹ̀ ni mo fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn. Ibi tí kò dá mi lójú, mo kọ ọ́ pé kò dá mi lójú. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka márààrún.

Ẹnìkan fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Àwọn yòókù kò sọ nǹkan kan. Mo kọ ìwé kejì láti ṣàlàyé ìwé kìn-ín-ní. Oṣù kẹrin wọlé, iye ẹ̀ka tó ń lo bọ́tìnì mi sì jẹ́ òdo.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo ṣàkíyèsí pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti la ẹnu mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń ra ọjà ní ilé ìtajà ni mo bá sọ ọ́. Ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì rò pé kò dáa kí n má dáhùn.

Lẹ́yìn tí mo jáde iléèwé, mo ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ní ọ́fíìsì kan ní Challenge, ní Ìlọrin. Níbẹ̀, kí ènìyàn tó dé orí àga rẹ̀ láàárọ̀, yóò ti kí ènìyàn méjìlá: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oorun àná, ṣé ara ìyá ti yá, ṣé ọmọ ti rí iléèwé wọ̀. Ó máa ń bí mi nínú. Mo ṣírò rẹ̀ nígbà kan, ó ń jẹ ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, mo sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé àfi kí a jáwọ́ nínú àṣà yìí bí a bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Ní Leeds, gbogbo ogún ìṣẹ́jú náà padà sí mi lọ́wọ́. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Mo wá ń ronú lórí ohun tó ń jẹ́ ilé gan-an. Ní Gàmbàrí, mo lè wọ agbolé ẹnikẹ́ni láìní ìdí. N ó kàn yọjú, n ó ní, “Mo ní kí n yà kí yín ni,” wọ́n á sì ti àga sí mi. Níbí, kò sí ẹni tí ènìyàn lè lọ bá láìkọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà, kàlẹ́ńdà náà á sì béèrè pé kí ni kókó ìpàdé. Bóyá ohun tó ń jẹ́ ilé nìyẹn: ibi tí ènìyàn lè dé láìníṣẹ́. N kò fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Olè pàápàá máa ń yọjú láìpè, nítorí náà ìtumọ̀ yìí ṣì ń fẹ́ àtúnṣe.

Kò burú tán o. Ní oṣù kẹta, ọkùnrin ojúkojú yàrá mi gbé ojú kúrò lára bàtà mi, ó wo fèrèsé, ó ní, “Òjò.” Mo pe ilé láti sọ fún wọn.

Nígbà tí ó ku oṣù kan àti ààbọ̀, ìyá mi gbọ́ ọ lóhùn mi pé nǹkan kan ń ṣe mí. Ó pa fóònù tó ṣí sílẹ̀ dé, ó gbé e sétí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ìwé lo fi ránṣẹ́ sí wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja. Ojú-ewé méjìdínlógún.”

“Ṣé o ti lọ kí wọn?”

“Àjà mìíràn ni wọ́n wà.”

“Nínú ilé kan náà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ọmọ yìí, ọmọ yìí. Gbọ́. Ọjà tí ìyá mi ń ná nígbà tí mo wà ní kékeré, kóńgò kálukú yàtọ̀. Tẹnìkan ga, tẹnìkan fẹ̀. Ni ìgbìmọ̀ ọjà bá rán ọkùnrin kan wá pẹ̀lú kóńgò tuntun, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó ń dán yinrin. Ó pín in láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. O mọ ohun tí a fi ṣe?”

“Ẹ fi ń wọn ẹ̀wà.”

“A fi ń fún adìyẹ lómi. Ìgbà tó yá, ọkùnrin mìíràn wá, kò mú nǹkan kan dání. Ó jókòó ti ìyá mi. Ó béèrè ọkọ, ó béèrè ọmọ. Ó ní, ‘Ìyá, kí ló dé tí kóńgò tiyín fi fẹ̀ báyìí?’ Ìyá mi ṣàlàyé títí ọjà fi tú. Ọkùnrin yẹn ló parí ọ̀rọ̀ kóńgò. Lọ kí àwọn ènìyàn, ọkọ mi. Má sọ ti iṣẹ́ rárá. Ọmọ wọn ni kí o béèrè.”

Mo gbé ìmọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Ẹ̀rí rẹ̀ kò pọ̀: ọjà kan, kóńgò kan, àti ẹlẹ́rìí kan tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi, òdo ló mú wá.

Ohun tí ọmọ Ìlọrin mìíràn ìbá fi ẹnu lásán ṣe, èmi ṣètò rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, àjà kejì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àjà kẹta. Báyìí báyìí títí dé ọjọ́ Ẹtì. Nítorí pé orúkọ wọn kì í dúró sí mi lórí, mo ra ìwé dúdú kékeré kan, mo sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí kálukú bá sọ fún mi sínú rẹ̀, kí n lè béèrè rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò yẹ kí ènìyàn tún bi í pé ṣé ó ní ìyá.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ni Colin, ọ̀gá ẹ̀ka owó oṣù.

“Ẹ káàárọ̀. Ilé ńkọ́?”

“Ilé mi?” Ó wò mí. “A ń tún òrùlé ṣe.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Méjì ni wọ́n.”

“Iṣẹ́ ńkọ́?”

“Ó ti sú mi díẹ̀. Kí lo ń fẹ́?”

“Kò sí. Mo ní kí n yà kí yín ni.”

“Ó dáa.”

Àwa méjèèjì wo àga fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo yọ ìwé mi, mo kọ ọ́: Colin, òrùlé, ọmọ méjì, iṣẹ́ ti sú u.

Ní ẹ̀ka ilé ìkẹ́rùsí, Maureen ni mo máa ń lọ kí. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ojú-ewé àkọ́kọ́ tí ẹ̀ka náà ní. Kò fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Ó sọ fún mi nípa orúnkún rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, àti ọkọ rẹ̀, Keith, tó ti fẹ̀yìn tì tí kò sì jẹ́ kí ilé gbádùn. Mo kọ gbogbo rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, iṣẹ́ ìyanu bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka owó oṣù kọ̀wé pé àwọn ti gba bọ́tìnì náà, “pẹ̀lú ìdùnnú ńlá”. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ka ìsinmi. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti di ẹ̀ka mẹ́rin. Ti Maureen nìkan ló kù. Ẹnìkan gbé kéèkì wá fún mi. Colin dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn láti sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo béèrè, pé kò sí iṣẹ́ tí òun fẹ́ràn láyé yìí tó èyí.

Mo pe Ipata. Wọ́n tún ti ṣí fóònù sílẹ̀.

“Ẹ̀ka mẹ́rin, Alhaja!”

“Alihamudulilahi!” ni gbogbo ìlà náà pariwo. Ìyá mi ní, “Ǹjẹ́ n kò sọ fún ọ?” Mo gbà fún un. Ẹ̀rí ti pọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń po tíì ní ilé ìdáná ọ́fíìsì nígbà tí Maureen wọlé, tó sì ti ìlẹ̀kùn.

“Ọjọ́ wo ni?”

“Ọjọ́ wo ni kí ni, ma?”

“Tí wọ́n máa lé wa lọ.” Ó yọ ìwé dúdú mi jáde lábẹ́ abíyá rẹ̀. Láti àná ni mo ti ń wá a. “O gbàgbé rẹ̀ síbí.” Ó ṣí i, ó sì kà á sókè. “‘Maureen. Orúnkún ọ̀tún. Iṣẹ́ abẹ. Ó máa ń lọ sílé ní aago mẹ́rin.’ Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà níbí, wọ́n wá rán ọmọdé wá kọ orúnkún mi sílẹ̀.”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Gbogbo ilé yìí ló mọ̀. Ẹni tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ó kàn dìde lójijì, ó ń lọ láti àjà dé àjà, ó ń béèrè iye ọmọ, ó ń béèrè ta ni iṣẹ́ ti sú, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Aago méje ni Colin ń dé báyìí láràárọ̀. Kí lo rò pé a máa rò?”

“Mo rò pé ẹ máa rò pé mò ń kí yín ni.”

“Kí wa fún kí ni?”

Mo wo tíì mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún gbogbo ìbéèrè tí ènìyàn lè béèrè lórí bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó bi mí rí pé kíkí wà fún kí ni.

Ó ku bí ọjọ́ méjìlá kí oṣù kẹfà parí. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀ka mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi, ó ju iye tí Fiona béèrè lọ. N kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bọ́tìnì náà dára, yálà ẹ̀rù ló mú wọn gbà á tàbí ìfẹ́. Ní ilé kéwú, wọ́n kọ́ wa pé èrò ọkàn ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́, èrò tèmi sì mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí èrò rẹ̀ bá mọ́, tí Colin sì ń dé ibi iṣẹ́ ní aago méje.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo ẹ̀ka máa ń pàdé pọ̀. Mo nawọ́. Ọwọ́ tí n kò nà láti oṣù márùn-ún, gbogbo wọn ló yíjú sí i. Mo dìde, mo gbé ìwé náà sókè, mo sì sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó rán mi, pé kò sí àkójọ orúkọ kankan, pé ní ìlú mi bí ènìyàn kò bá béèrè ìyá àti ọmọ, a jẹ́ pé kò tíì kí ni. Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo ní ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ló mú un gba bọ́tìnì mi, kó yọ ọ́.

Colin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ṣé wọn kò ní lé ẹnikẹ́ni?”

“N kò lè sọ ìyẹn,” ni mo wí, nítorí n kò mọ̀ ọ́n. “Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ lé.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀ka mẹ́ta ti yọ bọ́tìnì mi kúrò. Ẹ̀ka ìsinmi kò yọ ọ́. Mo gbọ́ pé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ wà ní ìsinmi.

Fiona pè mí. “Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù fún ọ, o wá kó ẹ̀ka mẹ́ta dànù?”

“Wọn kì í ṣe tèmi tẹ́lẹ̀.”

Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo bọ́tìnì kẹrìnlélọ́gbọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Maureen gun òkè wá sí àjà wa, ó ń tiro díẹ̀, ó jókòó láìsọ pé kí n jẹ́ kí òun jókòó.

“Nínú gbogbo ohun tó o kọ nípa mi yẹn, ṣé o kọ nǹkan kan nípa bọ́tìnì mi?”

“Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ma. Ní ìgbà kẹta tí mo wá kí yín.”

“Kà á.”

Mo kà á. “‘Tiwọn tóbi nítorí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yìnyín ń wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ó wà nísàlẹ̀ nítorí pé ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń di kọ̀ǹpútà kékeré náà mú, àtàǹpàkò wọn kì í dé òkè.’”

“Ẹni mẹ́ta ti wá kí ìwọ tó dé, tí wọ́n fẹ́ yí bọ́tìnì mi padà,” ni ó wí. “Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sílẹ̀ nínú wọn.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ pupa? N kò kọ ìyẹn.”

“Àwọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nígbà náà nìyẹn.”

Ó yọ̀ǹda pupa láìjà. Èmi náà yọ̀ǹda gbogbo ohun tí mo sọ nípa títóbi ní ojú-ewé kẹfà ìwé mi títí dé ìkẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi jọ ṣe é. Bọ́tìnì tuntun tóbi tó fún ọwọ́ inú yìnyín, ó wà nísàlẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò wà, àwọ̀ ewé sì ni. Nígbà tí a fi parí rẹ̀, ó dára ju tèmi lọ. Mo wò ó láti oríṣiríṣi ọ̀nà, n kò rí ibi tí mo lè fi jiyàn. Maureen wá wọ inú ẹ̀rọ agbénigòkè, ó ń lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. “Mo ti kó tèmi dànù,” ni ó ń sọ fún wọn. “Ta wá ni ìwọ?”

Ọjọ́ pé. Fiona ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

“Ilé ìkẹ́rùsí, ìsinmi, owó oṣù. Mẹ́ta.”

“Méjì,” ni mo wí. “Ti owó oṣù ṣì wà lórí ìdánwò. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà.”

“Mo ní mẹ́ta.”

“Bí a bá fẹ́ kó péye, méjì àti—”

“Ṣé o fẹ́ kí n lé ọ ni?”

“Rárá, ma.”

“Mélòó ni?”

“Mo gbọ́ tí ẹ ní mẹ́ta.”

Ó fọwọ́ sí i.

Mo pe ìyá mi láti sọ fún un pé wọ́n ti gbà mí dúró.

“Mo ti sọ fún ọ,” ni ó wí. “Kíkí ni.”

“Alhaja, kíkí ló fẹ́ bà á jẹ́.”

“Ta ló wá tún un ṣe?”

“Obìnrin kan ni. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ kan fún mi.”

“Níbo lo ti bá a tó fi sọ ọ́ fún ọ?”

Mo ronú sí i. Mo wá ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè gbà, n kò rí.

“Mo lọ kí i ni.”

“Ẹ̀ẹ́ẹ̀n,” ni ìlà náà wí, ènìyàn mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo gbé ojú sókè, mo rí Colin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Kò mú nǹkan kan dání, àwa méjèèjì kò sì ní ìpàdé. Ó dúró ṣánṣán bí ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́.

“Káàárọ̀,” ni ó wí. “Ilé ńkọ́?”

Kí Ọlọ́hun dárí jì mí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ta ló rán an wá.

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. N kò rí ẹ̀rí kankan. Mo gbé àpò mi kúrò lórí àga kejì, ó sì jókòó. Ó ní ìyá òun ti ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Mo ní Alihamudulilahi. Ó rò ó wò, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe rí i. Lẹ́yìn náà a sọ̀rọ̀ òjò, èyí tó ti rọ̀ àti èyí tó kù. Mo pẹ́ dé ìpàdé aago mẹ́wàá, nígbà tí Fiona sì bi mí léèrè ohun tó dá mi dúró, mo ní mo gba àlejò ni.